Báwo la ṣe máa yẹ́ olùkọ́ físíìsì wa sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀fà máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀. Láàbù wa ṣófo nígbà náà, síbẹ̀ àwa 14 la yege físíìsì nínú WAEC. A ti ń dáwó fún àmì-ẹ̀yẹ onígíláàsì àti àǹkárá tí gbogbo wa máa wọ̀. Àwọn kan ní kò tíì tó. Kí lẹ rí sí i?
Ọmọ Ọ̀fà, Gáà-Akànbí, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ìwé rẹ dùn mọ́ mi. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ físíìsì, ní Òmù-Àrán àti ní Ìlọrin níbí. Àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ mi, mo sì mọyì wọn. Ṣùgbọ́n "fún iṣẹ́ takuntakun" ni wọ́n kọ sára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ wo?

Lẹ́tà olójú-ewé kan ni mo máa ń mú jáde kà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ti di ẹnjiníà ló kọ ọ́. Ó rántí ọjọ́ tí mo so nọ́ọ̀tì mọ́ òwú ìránṣọ, tí mo fi kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò lẹ́yìn kíláàsì. Mo ní kí wọ́n wọn òwú náà ní mítà 1 gééré, kí wọ́n rọra fì í, kí wọ́n ka ìgbà 20 tó bá lọ tó bọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni. A dín òwú kù sí sẹ̀ǹtímítà 25, ó di 20. Ọmọ náà pariwo: "Mà, ìdá mẹ́rin òwú ló kù, kí ló dé tó jẹ́ ìdajì àkókò ló dín?" Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé mi ò dá òun lóhùn, pé mo kàn na òwú mìíràn sí òun. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kíyè sí i.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin 14 kọ ojú ewé kan kan. Ẹ fi "ó níwà, ó kó èèyàn mọ́ra" sílẹ̀. Kí ló fi kọ́ yín nígbà tí kò sí láàbù? Kí ẹ kà á sétí rẹ̀ lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ má sì dúró de ìfẹ̀yìntì: 5 Oṣù Kẹwàá ni Ọjọ́ Olùkọ́ Lágbàáyé, láti 1994.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló tún máa wúlò bó bá fẹ́ díje fún ẹ̀bùn olùkọ́. Ní 2019, Peter Tabichi, olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ní ìgbèríko Kẹ́ńyà, gba Global Teacher Prize, mílíọ̀nù kan dọ́là. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní. Lára ohun tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí afọ́jú àti adití lè fi wọn nǹkan. Ní tiwa, Maltina Teacher of the Year ti wà fún olùkọ́ girama láti 2015.

Owó àǹkárá yẹn ńkọ́? Ẹ bi olùkọ́ yín léèrè ohun tó wù ú pé kó ní ní gbogbo ọdún yẹn, kí ẹ rà á sí láàbù: lẹ́ǹsì, rúlà onímítà, aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ olùkọ́ físíìsì o. Mo ti rí aago 10 tó lo ọdún mẹ́rin nínú páálí lọ́fíìsì ọ̀gá, táwọn ọmọ ń fi aago ọwọ́ mi ṣe ìdánwò.