Ẹ bi wá: Tọ́ọ̀nù òkúta kan, kìló mélòó ni yóò fà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo gbọ́ pé bí wọ́n bá lọ òkúta kúnná, tí wọ́n sì fọ́n ọn sóko, ó máa ń fa káábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ẹnì kan ní ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwọ̀n òkúta náà. Ẹlòmíràn ní kò sún mọ́ ọn rárá. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé lẹ́búlẹ́bú tí àwọn tí ń fọ́ òkúta ń kó jọ nítòsí wa yóò sì ṣe é? (Òǹkàwé yín ní Abẹ́òkúta.)

ÌDÁHÙN: Àwọn méjèèjì lè má purọ́. Omi òjò máa ń mu díẹ̀ nínú gáàsì yìí, yóò sì ní ìkan díẹ̀ bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́. Bí omi náà bá wá fara kan òkúta, kálísíọ́mù àti magnesium inú rẹ̀ á yọ́, gáàsì náà á di bicarbonate, ohun kan tí ó yọ́ sínú omi, tí omi ń gbé lọ sódò títí dé òkun. Bí tọ́ọ̀nù kan basalt (òkúta dúdú tí ó ti ara òkè ayọnáyèéfín wá) bá ní kìló 100 kálísíọ́mù ọ́ksáìdì àti kìló 70 magnesium ọ́ksáìdì, ìṣirò orí ìwé yóò fún wa ní nǹkan bí kìló 310 gáàsì náà. Ìyẹn bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ tán, bẹ́ẹ̀ òkúta kì í kánjú.

Ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọ́n tọ́ọ̀nù 50 basalt sórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún fún ọdún 4, nínú oko àgbàdo àti sóyà. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2024 jẹ́ tọ́ọ̀nù 10.5 gáàsì náà lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún mẹ́rin náà, tí ó lè fi 3.8 lé tàbí kí ó fi dín. Ẹ pín in sí tọ́ọ̀nù 200 òkúta tí wọ́n lò: kìló 50 ó lé díẹ̀ ni tọ́ọ̀nù kan fà.

Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ni pé kí wọ́n bu erùpẹ̀ oko náà, kí wọ́n wo titanium, irin kan tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í yọ́ bọ̀rọ̀, tí ń kù sílẹ̀ bí eèrí ṣe ń kù sínú asẹ́ nígbà tí omi ògì bá ti sẹ̀ lọ. Wọ́n á wá fi í mọ iye kálísíọ́mù àti magnesium tí ó ti bá omi lọ. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo èyí tí ó lọ ni ó fa gáàsì, nítorí ásíìdì tí ajílẹ̀ ń dá sílẹ̀ náà lè yọ́ òkúta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó yọ gáàsì inú èéfín ẹ̀rọ ìlọta àti ti ọkọ̀ akẹ́rù kúrò nínú iye tí wọ́n rí.

Ní ti Abẹ́òkúta, gíránáìtì ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín, kálísíọ́mù àti magnesium inú rẹ̀ kò sì tó ti basalt. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín nítorí káábọ́ọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó fi iye kálísíọ́mù àti iye magnesium inú rẹ̀ hàn yín.