Má tíì sanwó ọkọ̀ yẹn, ní kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ná

Àbúrò mi ará Ṣábẹ̀, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ máa pẹja nínú adágún tí bàráàjì, ìyẹn odi tí wọ́n fi sé omi, dá sílẹ̀ lẹ́bàá abúlé yín, àti pé tí omi ibẹ̀ bá fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ óò gbé ọkọ̀ náà sórí kámíọ̀ wá sí ọ̀sà wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ọkùnrin kan ní Kútọnu fi fọ́tò ọkọ̀ pákó oní-mítà 7 ránṣẹ́ sí ẹ, tòun ti mótò agbára ẹṣin 15, ó sì ní bí o kò bá sanwó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹlòmíì á gbé e. O wá ń béèrè bóyá kó o rà á, tàbí kó o wá ọkọ̀ àgbẹ́ lọ, tàbí ti fíbà tó dà bí ike líle.

Jẹ́ kí ẹlòmíì gbé e. Èmi ti gbé irú rẹ̀ rí.

Ọmọ aránṣọ ni mí, wọn ò bí mi sídìí àwọ̀n. Létí ọ̀sà lápá Djassin ni mo gbé dàgbà, mo sì rò pé torí mo ń rí omi láràárọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo pinnu láti máa pẹja, mo ra ọkọ̀ pákó kan, mítà 7 àti àbọ̀, 420,000 sẹ́fà, mótò ò sí nínú iye yẹn o. Ọ̀dà tuntun ń dán lára rẹ̀ bíi bàtà ọdún. Wọ́n ya ẹja méjì sí iwájú rẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun. Ẹja tí wọ́n yà yẹn ni mo wò tí mo fi sanwó. N kò wo abẹ́ rẹ̀, níbi tí igi gígùn kan ti yọ bí eegun ẹ̀yìn láti iwájú dé ìdí.

Oṣù kẹsàn-án ni. Odò Wémè ti kún wá, ọ̀sà kún dẹ́nu, ọkọ̀ mi ń sáré, inú mi ń dùn. Mò ń ti Àjàṣẹ́ gba ojú omi Totchè bọ́ sí adágún Nokoué, mò ń juwọ́ sí àwọn ará Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi, bí ẹni tí wọ́n jọ bí sórí omi. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, omi ti fà. Nokoué fẹ̀ o, ó tó nǹkan bíi 150 km², ṣùgbọ́n bí àwo pẹrẹsẹ ló rí. Lọ́pọ̀ ibi níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, géndé á dúró kí omi má dé èjìká rẹ̀, ibòmíràn ò sì ju itan lọ. Níbi tó dà bí itan yẹn ni ọkọ̀ mi ti fi eegun abẹ́ rẹ̀ gún ẹrẹ̀, ó dúró gbagidi. Mo fi ọ̀pá tì í, ọ̀pá ń wọlẹ̀ lọ. Mo bọ́ sómi, ẹrẹ̀ gbà mí dé orúnkún. Nígbà tó máa jàjà tú, afẹ́fẹ́ gbé e lọ sórí àkájà ẹlòmíì, àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè fi ṣe ilé, mo sì fọ́ igun kan rẹ̀ yányán. Mo sanwó fún onílé ẹja. Bàbá kan tó ń fi ọparun ti ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ bọ̀ láti Aguégué, tó ń yọ́ kọjá lórí ibi tí mo há sí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wò mí títí. Ó ní, "Òkun ni ọkọ̀ rẹ ń wá. Ìwọ lo dá a dúró síbí."

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi nìyẹn: ọjọ́ tí omi bá kéré jù lọ́dún ni kó o fi lọ́kàn tó o bá ń ra ọkọ̀, má fi ọjọ́ tó kún rà á.

Ìṣirò kan wà tí mo máa ń ṣe báyìí, kò le. Omi tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì jìn ní mítà kan jẹ́ 1,000 kìló. Tí abẹ́ ọkọ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tó gùn ní mítà 4, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà (sẹ̀ǹtí) 80, ẹrù kìló 32 ló máa tì í wọ omi ní sẹ̀ǹtí kan. Ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ máa ń fún, torí náà 25 ni mo ń kà. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kìló 120, ẹ̀yin méjèèjì 140, àwọ̀n tó ti mumi pẹ̀lú ẹja inú garawa 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 320. Pín in sí 25, sẹ̀ǹtí 13 ni. Omi tó bá ti bo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ dáadáa á gbé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtí 40, 27 ṣì kù lókè omi. Tí ẹrù bá wọlé tán tí etí ọkọ̀ ò fi sẹ̀ǹtí 20 ga ju omi lọ, èmi ò ní wọ̀ ọ́, kódà bí ẹja bá ń pè mí lórúkọ.

O ní àwọ̀n jíjù lẹ fẹ́ máa lò. Ìdúró la fi ń ju àwọ̀n. Ọkọ̀ àgbẹ́ tó o béèrè, tí wọ́n gbẹ́ lára igi kan ṣoṣo, abẹ́ rẹ̀ rí roboto bí ìdí igbá. Ó dùn ún fi àjẹ̀ wà, kì í jo, ó máa ń lo ẹni pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá a dàgbà, ó ń yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ni. Ọmọ Tofin, àwọn tó ń gbé orí omi Nokoué, tó ti ń wakọ̀ láti kékeré á dúró lórí rẹ̀ tí yóò máa jẹ àkàsà. Ọ̀rẹ́ tèmi tí mo mú dání lọ́jọ́ kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ju àwọ̀n, àwọ̀n lọ, òun náà tẹ̀ lé e. A rí i fà jáde. Fóònù rẹ̀ la ò rí. Nítorí náà, abẹ́ pẹrẹsẹ ni kó o wá. Àléébù rẹ̀ ni pé ìgbì máa ń gbá a nísàlẹ̀, pàà pàà pàà; tí afẹ́fẹ́ òkun bá ti dé lọ́sàn-án lórí Nokoué, eyín rẹ á máa gbọ̀n. Lórí adágún kékeré, ìyẹn ò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà tó ń dán yẹn ni mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa, torí mo rí i nínú fọ́tò tó o fi hàn wá pé tìrẹ náà ń dán. Láti ìgbà tí àwọn Faransé ti la ọ̀nà omi Kútọnu sí òkun ní 1885 ni omi iyọ̀ ti ń wọ Nokoué nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá di ìgbà ìkún omi, Wémè á lé e jáde. Kòkòrò kan ń bẹ nínú omi iyọ̀ yẹn, ó jọ ekòló, igi ló ń lu. Ihò tó gbà wọlé ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, inú igi ló ti ń sanra. Lóde, pákó dára. Nínú, ó ti di afárá oyin. Ọkọ̀ mi ń jo díẹ̀díẹ̀, mò ń gbọ́n omi, mo rò pé ìṣó ló tú. Ìgbà tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ létí ọ̀sà lọ́dún kejì, mo rí ibì kan tí ọ̀dà ti wú, mo fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù mi ha á. Kọ́kọ́rọ́ wọlé dé ọrùn. Mo fà á yọ, omi dúdú tẹ̀ lé e, ó ń rùn bí edé ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ìka kan ibẹ̀, ìka wọlé. Àṣé ìbòjú ìyàwó ni wọ́n fi ọ̀dà ṣe fún mi.

Ọkọ̀ tó bá ti gbé inú omi Kútọnu rí, tó o bá ń lọ wò ó, mú ọ̀bẹ ẹnu ṣóńṣó dání. Ní kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó, gún un níbi tí pákó méjì ti pàdé, gún ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n ń de mótò mọ́. Igi tó yè á ti ọ̀bẹ padà, á sì dún kọ́. Èyí tó ti kú á kàn gbé ọ̀bẹ mì. Tí onítọ̀hún bá bínú pé o ń gún ọkọ̀ òun, kí i pé ó kú ọjà, kó o wọ mótò padà sílé. Nínú omi tiyín tí kò níyọ̀, kòkòrò yìí ò lè gbé. Ọyẹ́ àti oòrùn ni ọ̀tá tiyín: pákó á gbẹ, á sún kúrò lára ara wọn, tẹ́ ẹ bá wá tì í sómi, á máa jo bí ajọ̀. Abẹ́ igi ni kẹ́ ẹ máa gbé e sí, kẹ́ ẹ máa da omi díẹ̀ sínú rẹ̀.

Mótò agbára 15 lórí adágún tó o lè dúró létí kan kó o pe ẹni tó wà létí kejì? Kí lẹ fẹ́ máa lé? Lóṣù kan báyìí mo jókòó kọ owó kpayò, epo mótò tí wọ́n ń tà létí títì, tí mo rà sílẹ̀, ó ju ìdajì owó ẹja mi lọ, ewé orí omi sì tún máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ mótò tí n óò máa fi ọ̀bẹ gé e nínú ẹrẹ̀. Tó bá sì jẹ́ dandan lọ́jọ́ iwájú, wọn ọrùn mótò, apá tó ń lọ sísàlẹ̀ sínú omi, kó o tó rà á. Ọlọ́rùn kúkúrú máa ń tó sẹ̀ǹtí 38, ọlọ́rùn gígùn 51. Ìdí ọkọ̀ rẹ gbọ́dọ̀ ga bá a mu: tí ọrùn bá gùn jù, á máa ro ẹrẹ̀, tó bá kúrú jù, afẹ́fẹ́ ló máa máa fẹ́. Ní báyìí, àjẹ̀ méjì àti ọparun gígùn kan tó yín.

Fíbà fúyẹ́, ẹni méjì á gbé e, kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Ó wù mí. Ṣùgbọ́n oko àti igbó ni omi bàráàjì máa ń bò mọ́lẹ̀, kùkùté pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Pákó á fara họ kùkùté, á kọjá; fíbà á sán. Tó bá sán ní abúlé yín, ta ló máa bá ẹ lẹ̀ ẹ́?

Ètò gbígbé ọkọ̀ lọ gbígbé bọ̀ yẹn ni mi ò fara mọ́ rárá. Ó ju 200 kìlómítà lọ, owó kámíọ̀ nìkan á jẹ èrè yín. Èyí tó tún burú jù ni ewéko olódòdó àlùkò tó bo ọ̀sà wa níbí. Ẹyọ ìtàkùn kan tó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ tàbí tó há sínú àwọ̀n ti tó. Ó ń fara rẹ̀ bí ara rẹ̀, kó tó pẹ́ ẹ ò ní rí ojú adágún yín mọ́, àwọn ará abúlé á sì mọ ẹni tó gbé e wá. Ẹ ra ọkọ̀ fún omi ilé. Tẹ́ ẹ bá wá sí Àjàṣẹ́, ẹ yá ọkọ̀ níbí, kẹ́ ẹ sì mú ọmọ omi kan dání. Àní kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ bá baálẹ̀ àti àwọn tó ń bójú tó bàráàjì náà sọ̀rọ̀.

Tèmi báyìí, mo ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan kàn án lójú mi. Mítà 4 àti sẹ̀ǹtí 20, abẹ́ rẹ̀ fẹ̀ ní 90. Ìrókò ni abẹ́, arère ni ẹ̀gbẹ́ torí pé ó fúyẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi arère ṣe abẹ́ fún ẹ, kì í pẹ́ jẹrà. Òwú àti ọ̀dà la fi dí ojú àpapọ̀ rẹ̀. 165,000 sẹ́fà ló gbà lọ́wọ́ mi. Mo de bídọ̀ oní-lítà 25 méjì tó ṣófo, tí ìdérí wọn le, mọ́ abẹ́ ìjókòó. Tí omi bá kún inú ọkọ̀, àwọn méjèèjì á gbé tó kìló 50 dúró.

Wá sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé èyíkéyìí kó o gun tèmi wò. Mú ọ̀rẹ́ rẹ dání, kẹ́yin méjèèjì dìde dúró nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan ju àwọ̀n. Fóònù yín, ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi.