Ẹ Bi Wá: Súùtì Òtẹ́ẹ̀lì ní Bogotá

Ìlú kan ṣoṣo la mú lóṣù yìí: Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà. Àwọn tó kọ̀wé sí wa ò wá ilé ìtura olówó gọbọi, wọn ò sì fẹ́ ibi tí èèyàn á ti máa gbé bẹ́ẹ̀dì ti ilẹ̀kùn sùn. Irú òtẹ́ẹ̀lì àárín bíi GHL, Estelar, NH tàbí Hampton ni wọ́n ń bi wá nípa rẹ̀.

Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa méjì fẹ́ gba yàrá kan. Mo rí "junior suite", mo rí "suite", owó wọn ò sì jìnnà síra. Èwo ni ká gbà? (Ìyá Kẹ́hìndé, Ìbàdàn)

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, mà. Ẹ má wo orúkọ, ìwọ̀n yàrá ni kẹ́ ẹ wò. "Junior suite" sábà máa ń jẹ́ yàrá ńlá kan tí wọ́n gbé àga tìmùtìmù sí igun rẹ̀, láìsí ilẹ̀kùn láàárín àga àti bẹ́ẹ̀dì. Bí ọmọ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n láago mọ́kànlá òru, orí yín ló ń wò ó sí. "Suite" gan-an máa ń ní pálọ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ nígbà míì ògiri tí kò dé òkè ni wọ́n fi pín in. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ ní m² ló máa sọ òtítọ́ fún yín. Ẹni mẹ́rin nínú ohun tí kò tó 35 m², orí àpótí ara wọn ni wọ́n á máa rìn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kọ ímeèlì sí òtẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bá wọn ta yàrá. Ẹ béèrè bóyá ilẹ̀kùn wà láàárín pálọ̀ àti yàrá. Ẹ béèrè bóyá àga náà ṣeé tẹ́ sí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn sofá cama, àti bóyá wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá láìgba owó míì. Ẹ sì béèrè ẹni mélòó ni owó tẹ́ ẹ rí wà fún. Ẹni méjì ló sábà máa ń jẹ́, ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin lè sanwó lé e, ọjọ́ orí tí ọmọdé sì lè sùn lọ́fẹ̀ẹ́ yàtọ̀ láti òtẹ́ẹ̀lì sí òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ mú ìwé ìbí àwọn ọmọ dání, èyí tí orúkọ bàbá àti ìyá wà nínú rẹ̀. Òfin 679 ti ọdún 2001 wà lọ́rùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ láti dáàbò bo ọmọdé, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ bí wọn. Bí orúkọ ìdílé tó wà lórí páásípọ́ọ̀tù ọmọ bá yàtọ̀ sí tiyín, láìsí ìwé yẹn, ẹ lè pẹ́ lórí ìdúró níwájú kọ́ńtà.

Nǹkan méjì péré ló kù. Yàrá tí wọ́n ń pè ní habitación exterior dojú kọ títì, interior dojú kọ inú ilé: ó ṣókùnkùn díẹ̀, àmọ́ ariwo ò pọ̀. Bí òtẹ́ẹ̀lì yín bá wà lẹ́bàá Zona T, àdúgbò ilé ọtí àti ijó, interior ni kẹ́ ẹ gbà lálẹ́ Friday. Ẹ̀ẹ̀kejì, òtútù. Jálẹ̀ ọdún, alẹ́ Bogotá lè já sí 7°C tàbí 8°C, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni ò sì ní ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo ilé móoru. Bí súùtì bá ṣe tóbi tó ló ṣe máa ń tutù tó. Ẹ béèrè calentador, ẹ̀rọ amúlémóoru kékeré, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé gan-an, torí wọn kì í ní púpọ̀. Kúbùsù kejì, cobija, wọn á fún yín láìjanpata.

Mo rí "$420.000" fún alẹ́ kan, àyà mi já. Ẹlòmíì tún ní kí n má san VAT. Kí ni òótọ́ ibẹ̀? (Ọ̀gbẹ́ni A., Peckham, Lọ́ndọ̀n)

Ẹ fọkàn balẹ̀. Àmì $ yẹn, pesos ni wọ́n fi ń kọ lọ́hùn-ún. Àmì ìdánudúró tó wà láàárín nọ́ńbà ló ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, bíi kọ́mà tiwa. 420,000 pesos ni, kì í ṣe dọ́là.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ VAT fún yín ò parọ́. IVA ni wọ́n ń pè é, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni, òfin wọn sì yọ ọ́ kúrò lórí owó yàrá fún àlejò tí kì í gbé Kòlóńbíà. Lórí 420.000, IVA jẹ́ 79.800 lálẹ́ kan. Bẹ́ ẹ bá sùn lálẹ́ márùn-ún, ó ti di 399.000, ó kù díẹ̀ kó tó owó alẹ́ kan. Ohun tí wọ́n máa wò ni páásípọ́ọ̀tù àti òǹtẹ̀ ìwọ̀lú tó fi hàn pé àlejò ni yín. Ẹ rí i pé wọ́n ṣe ẹ̀dà ojú-ewé méjèèjì nígbà tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má dúró di ọjọ́ tẹ́ ẹ̀ ń lọ.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Bẹ́ ẹ bá ti sanwó tán lórí ojúlé tó ń ta yàrá, tí IVA sì wà nínú rẹ̀, owó ò sí lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì, kò sì sí ohun tí wọ́n lè dá padà fún yín. Ẹ yan èyí tí wọ́n ti ń sanwó ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìkejì, bí ẹni tó ń gbé Kòlóńbíà bá bá yín sun yàrá kan náà, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé ìwọlé, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ gba IVA. Ìkẹta, yàrá àti ohun tó bá yàrá rìn nìkan ni ìyọkúrò yìí wà fún. Oúnjẹ tẹ́ ẹ rà lọ́tọ̀ ní ilé oúnjẹ ní owó orí tirẹ̀, ìdá 8, wọ́n á sì bi yín bóyá kí wọ́n fi propina, owó ọpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, ìdá 10 kún un. Ẹ lè ní rárá, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Ẹ tún wá ìlà kan tí wọ́n kọ seguro hotelero sí lórí bíìlì. Owó adójútòfò kékeré ni, alaalẹ́ ni wọ́n ń kà á, kì í sì í ṣe dandan. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ sọ fún wọn nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wọlé pé kí wọ́n yọ ọ́.

Lórí káàdì: wọ́n máa di owó kan mú lórí rẹ̀ fún ohun tẹ́ ẹ bá jẹ tàbí bà jẹ́. Lórí káàdì kírẹ́dítì, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára. Lórí káàdì débíìtì, owó yín gan-an ló kúrò nílẹ̀, ó sì lè pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó padà. Bí ẹ̀rọ POS bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ san ní pọ́n-ùn tàbí ní pesos, pesos ni o, torí òṣùwọ̀n pàṣípààrọ̀ tí ẹ̀rọ ń lò kì í ṣe èyí tó máa ṣe yín lóore. Bí òṣìṣẹ́ bá béèrè "¿cuántas cuotas?", ìgbà mélòó lẹ máa fi san án ló ń béèrè. Ẹ dáhùn pé "una", ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan.

AS ni mí, SS ni àbúrò mi. A ti jọ wọkọ̀ òfurufú lọ Dubai rí, kò sí nǹkan tó ṣe wá. Ṣé Bogotá léwu fún wa? (B. T., Abẹ́òkúta)

Fún àbúrò yín, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó rí dókítà ẹ̀jẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Bogotá ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 2,640. Jos tá a mọ̀ sí ìlú orí òkè ò ju nǹkan bí 1,200 lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga ni ọ́síjìn tó ń wọlé pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àìtó ọ́síjìn, gbígbẹ omi ara àti òtútù wà lára ohun tó máa ń mú kí ìrora dìde. Ọkọ̀ òfurufú tí ẹ fi wákàtí gígùn jókòó sí ti gbẹ omi ara kẹ́ ẹ tó dé, ìlú náà á sì fi méjì tó kù kún un.

Ìrìn-àjò Dubai kì í ṣe ẹ̀rí. Afẹ́fẹ́ inú bàálù tí wọ́n ń fún mọ́ inú rẹ̀ kì í sábà kọjá ti ibi tó ga ní mítà 2,400, wákàtí díẹ̀ sì ni. Bogotá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì sùn síbẹ̀, ẹ ó jí síbẹ̀.

Ní tiyín tó jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ jù lọ ni kì í rí wàhálà kankan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn fi ara ṣiṣẹ́ agbára lórí òkè nígbà tí omi ara ti gbẹ. Bí ìrora òjijì bá mú yín lábẹ́ ìhà òsì, ẹ má pè é ní inú rírun lásán. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú náà ni 123, ẹ sì sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀ pé AS ni yín, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló máa rò ó.

Ẹni tó jẹ́ AA pàápàá lè ní ẹ̀fọ́rí kó sì máa mí hẹlẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ mu omi dáadáa, ẹ wọ lífítì, ẹ fi ọtí sílẹ̀. Monserrate, òkè tí gbogbo àlejò ń gùn, ga tó mítà 3,152. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta. Wọ́n lè fún yín ní tíì ewé coca fún orí fífọ́. Ó lè jáde nínú àyẹ̀wò oògùn olóró níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e wọ Amẹ́ríkà. Aromática, tíì ewéko lásán, ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ṣé mo lè gbé áyọ́ọ̀nù mi lọ? (Télọ̀, Àkúrẹ́)

Ẹ fi sílé. Iná wọn jẹ́ 110 sí 120 fóòtì, ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì. Áyọ́ọ̀nù 230 fóòtì ò ní jó níbẹ̀, àmọ́ ìdá mẹ́rin agbára rẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ní. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì á máa ṣiṣẹ́ bíi 250, kò sì ní lọ ṣòkòtò kankan. Èyí tẹ́ ẹ bá rà níbẹ̀ tẹ́ ẹ sì gbé wálé ló máa jó, ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ṣájà fóònù àti láptọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ 100–240V sí lára ò ní wàhálà, adápitọ̀ nìkan ló fẹ́. Ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì gbé plancha, áyọ́ọ̀nù tiwọn, wá.

Nílé ìwẹ̀, C tó wà lórí ẹnu ẹ̀rọ ni omi gbígbóná, F ni tútù. Ẹni tó bá fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wò ó á bó lára.

Súùtì wa ní kíṣìnì kékeré. Ṣé a lè se ìrẹsì àti ẹ̀wà? (Ìyàwó Oníṣẹ́ Ọba, Òṣogbo)

Ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí gíga ìlú náà, omi ti ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 91, kì í dé 100, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i ju tilé lọ, ẹ dé e pa, ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ẹ̀wà ni ìjàngbọ̀n. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, síbẹ̀ ó lè máa wò yín bí òkúta lẹ́yìn wákàtí méjì. Ìkòkò tó ń há èéfín mọ́nú, olla a presión, làwọn ará ìlú ń lò. Ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì bóyá wọ́n ní. Bí sítóòfù bá jẹ́ onígíláàsì tí kò ní iná pupa, ìkòkò tí mágínẹ́ẹ̀tì bá lè mọ́ nìkan ló ń gbà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò wọ́n níbẹ̀: maduro fún dòdò, verde fún èyí tí kò pọ́n. Iṣu ń jẹ́ ñame, etí òkun Kàríbíà ló ti ń wá, ẹ wá a lọ sọ́jà Paloquemao. Ẹ fi ẹran gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ sílé, aṣọ́bodè á gbà á. Bẹ́ ẹ bá ń dín nǹkan, ẹ tan fáànù tó ń fa èéfín kí epo tó gbóná, torí agogo èéfín wà lókè orí yín.

Bàálù wa á balẹ̀ láago 12:40 òru Friday. Ọjọ́ wo ni ká gba yàrá, báwo la sì ṣe máa ka àdírẹ́sì? (D. O., Èkó)

Alẹ́ Thursday. Bẹ́ ẹ bá kọ Friday, aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n sábà ń ṣí yàrá. Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ pé ẹ máa pẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà bàálù yín, kí wọ́n má baà kà yín sí ẹni tí kò wá.

Àdírẹ́sì bíi "Carrera 13 # 93-45" túmọ̀ sí orí títì tó ń jẹ́ Carrera 13, láti ibi tó ti pàdé títì tó ń jẹ́ Calle 93, nǹkan bíi mítà 45 síwájú. Àwọn òkè wà ní ìlà-oòrùn. Carrera ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń kẹ́yìn sí òkè, Calle ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sí àríwá. Bí "Sur" bá wà nínú àdírẹ́sì, gúúsù ìlú ni, ọ̀nà sì jìn sí ibi tí èyí tí kò ní i wà. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé fún awakọ̀, kó kà á fúnra rẹ̀.