Kí ni ìtumọ̀ “ẹ̀jẹ̀ dídì ló fa rọpárọsẹ̀”?

Ìbéèrè tí ẹnì kan bi wá ni pé, bí dókítà bá ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló fa àrùn rọpárọsẹ̀, kí ló ní lọ́kàn, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dì, ẹni tó fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, nítorí ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbi méjèèjì.

Ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn purotéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wọn a sì máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣiṣẹ́ kankan. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ya, ọ̀kan á jí èkejì, èkejì á jí ẹ̀kẹta, títí yóò fi kan thrombin, tí í sọ fibrinogen di fibrin, ìyẹn àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ́ mọ́ra wọn bí àwọ̀n. Lójú ọgbẹ́, ààbò ni èyí. Ṣùgbọ́n bó bá wáyé nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọkàn tí kì í lù déédéé bá já, tó sì lọ há síbẹ̀, apá ọpọlọ tí iṣan náà ń bọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. (Rọpárọsẹ̀ tí iṣan bẹ́ nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí èyí.)

A kò wá gbọdọ̀ rò pé ẹni tí purotéènì wọ̀nyí bá ti pọ̀ lára rẹ̀ ni àrùn náà yóò kọlù. Fibrinogen a máa ga lára ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tí àìsàn mìíràn ń bá fínra, èyí ni kò jẹ́ kó rọrùn láti mọ̀ bóyá òun ló ń fa rọpárọsẹ̀ tàbí ó kàn ń bá ohun tó fà á rìn. Factor V Leiden, àbùkù àjogúnbá tí wọ́n ṣàwárí ní 1994, a máa dá ẹ̀jẹ̀ dídì sílẹ̀ gan-an nínú iṣan ẹsẹ̀, síbẹ̀ ipa rẹ̀ lórí rọpárọsẹ̀ àgbàlagbà kéré. Lójú tèmi, kí ènìyàn mọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wúlò fún un ju kó sáré lọ ṣàyẹ̀wò purotéènì wọ̀nyí lọ.

Factor XI, ọ̀kan lára àwọn purotéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ló yani lẹ́nu jù. Ní 2008, àwọn olùṣèwádìí ní Ísírẹ́lì gbé àbọ̀ jáde lórí àwọn 115 tó ti pé ọmọ ọdún 45 sókè, tí purotéènì yìí ṣọ̀wọ́n lára wọn láti ìgbà ìbí: ẹnì kan ṣoṣo ló ní rọpárọsẹ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì, nígbà tí iye tí wọ́n retí lé ní mẹ́jọ. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàdédé ya lára irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀; ìgbà tí wọ́n bá yọ eyín tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ ni ó máa ń pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dán oògùn tó ń dí factor XI lọ́wọ́ wò, bóyá wọn yóò lè dènà dídì inú iṣan láìba ti ojú ọgbẹ́ jẹ́.

Ní ti ẹni tí àrùn náà ti kọlù, oògùn kan wà tó ń mú kí fibrin yòrò, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 4.5 àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un, lẹ́yìn tí àwòrán ọpọlọ bá ti fi hàn pé iṣan kò bẹ́. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi máa ń tètè bi ará ilé pé, “Aago mélòó ni ara rẹ̀ ṣì le gbẹ̀yìn?”