Nọ́ńbà fóònù ni kí ẹ ṣọ́ jù

Okun o, ẹ̀gbọ́n mi ará Mọ̀pà. Ẹ béèrè bóyá orúkọ oníbàárà tó wà nínú Excel yín lè wọ sọ́fítíwìà ìṣirò owó lẹ́ẹ̀kan náà, láìtún tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè wọ̀ ọ́. Ẹ tọ́jú fáìlì náà sí CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀), ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Import sí nínú sọ́fítíwìà náà, ẹ fi hàn án pé kọ́lọ́ọ̀mù yìí ni orúkọ, èyí ni fóònù, ó parí.

Nọ́ńbà fóònù ló le. Oògùn oko àti símẹ́ǹtì ni mò ń tà ní Kábà. Àwọn àgbẹ̀ láti Ìyàrá dé Ìsánlú ń ra àwìn lọ́wọ́ mi, tí wọ́n bá ta káṣú ni wọ́n ń san. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà ni mo sanwó fún kó bá mi kó orúkọ wọn wọlé. Excel máa ń gé òdo iwájú kúrò, 0803 á di 803. Ìyẹn ṣì ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí fi 234 síwájú gbogbo wọn, Excel bá sọ wọ́n di 2.34803E+12, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tọ́jú wọn sí CSV. Ohun tó hàn lójú nìkan ni CSV ń gbà, ìyókù ti lọ nìyẹn. Ó tún ti pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́! Mo pè é, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń jẹ nọ́ńbà? Èmi àti ìyàwó mi la jókòó ti ìwé gbèsè àtijọ́ lálẹ́, tí à ń tún un kọ, bẹ́ẹ̀ owó káṣú ti ń wọlé, àwọn tó yẹ ká pè kí wọ́n tó ná an tán, a ò rí wọn pè. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù fóònù di Text, kí Excel kà á sí ọ̀rọ̀ dípò nọ́ńbà ìṣirò, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun síbẹ̀. CSV UTF-8, èyí tó ń gba lẹ́tà Yorùbá, ni kí ẹ yàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Ọlá á di ?lá. Ẹ má tún fi Excel ṣí CSV náà, á tún gé òdo. Notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré inú Windows, ni kí ẹ fi wò ó.

Ti gbèsè: bí ẹ bá ti kọ iye tí oníbàárà ṣì jẹ, ẹ má tún kó ìnáfóìsì àtijọ́ rẹ̀ wọlé, gbèsè á di ìlọ́po méjì, ẹ ó sì máa bá ìyá arúgbó jà lórí owó tí kò jẹ. Ẹ wo déètì náà: bí ètò rẹ̀ bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 3/4 tí ẹ pè ní oṣù kẹrin á di oṣù kẹta. Ìyá Bọ́sẹ̀ tó bá pé méjì, ẹ fi ìlú kún un. QuickBooks, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwìà ìṣirò owó, ò gba orúkọ méjì tó jọra.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé orúkọ oníbàárà yín lọ sínú fláàṣì tirẹ̀. Òfin ààbò dátà ti wà láti 2023.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pamọ́, kí ẹ fi èèyàn márùn-ún dán an wò. Tí nọ́ńbà wọn bá pé 11, ẹ kó ìyókù wọlé.