Canada jay tó ń bà léèyàn lọ́wọ́ ní Algonquin: July kọ́ ni ìgbà rẹ̀

Àǹtí, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀yin àtàwọn ọmọ fẹ́ lọ sí páàkì Algonquin, igbó ńlá tó wà ní Ontario ní Kánádà, ní July, pé ẹ fẹ́ mọ irú ẹyẹ tí ẹ máa rí, pàápàá ẹyẹ aláwọ̀ eérú tí wọ́n ní ó máa ń bà léèyàn lọ́wọ́. Ẹnì kan wá dá yín lóhùn pé kò sẹ́yẹ kankan níbẹ̀, igi àti ẹ̀fọn nìkan lòun rí. Mi ò ní bá onítọ̀hún jiyàn, torí tèèyàn bá wọ igbó yẹn laago méjìlá ọ̀sán nínú oṣù July tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ sókè, ohun tó máa rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ síbẹ̀, òtútù ibẹ̀ ti mú ìka mi débi tí mi ò lè yí bínókúlà mọ́, kòkòrò ibẹ̀ ti jẹ mí tí ojú mi wú, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín.

Ẹyẹ tí ẹ ń bèèrè, Canada jay lorúkọ ẹ̀. Tí ẹ bá rí gray jay nínú ìwé àtijọ́, òun náà ni, 2018 ni wọ́n dá orúkọ Canada jay padà fún un. Ó kéré díẹ̀ sí ẹyẹlé, ẹ̀yìn ẹ̀ rí bí eérú, iwájú orí ẹ̀ funfun, ìpàkọ́ ẹ̀ dúdú, àgógó ẹnu ẹ̀ kúrú. Ní July ẹ lè rìn látàárọ̀ dalẹ́ kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan, torí nígbà ooru ó máa ń dákẹ́, inú igbó lọ́hùn-ún ló máa ń wà. Tó bá jẹ́ tiẹ̀ lẹ tìtorí ẹ̀ lọ, ẹ lọ ní October tàbí kẹ́ ẹ lọ láàárín February sí March. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní òtútù, àní pẹ̀lú òtútù ọ̀hún.

Ìdí ni pé ẹyẹ yìí kì í ṣí lọ síbi tó móoru. Yìnyín dé, ó wà níbẹ̀, adágún dì gbagidi, ó wà níbẹ̀. Látìgbà ooru ló ti ń tọ́jú oúnjẹ, kòkòrò o, èso o, olú o, ẹran tí ìkookò jẹ kù o, kò sóhun tí kì í kó pamọ́. Mo ti dúró síbi tó súnmọ́ ọn dáadáa wò ó: ó pọ nǹkan kan jáde látọ̀nà ọ̀fun, itọ́ ẹ̀ tó ń lẹ̀ ti bo gbogbo ẹ̀, ó tì í bọ abẹ́ èèpo igi spruce, igi tí ewé ẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, ó fi ẹnu gún un wọlé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó fò lọ sẹ́ka kejì, ó já díẹ̀ nínú nǹkan eléérú tó máa ń hù sára igi yẹn, ó padà wá fi bo ojú ihò náà pa, ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò ó, ó tún wò ó, ló bá gbéra. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ibi ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń ní, ó sì máa ń rántí wọn. Òun ló jẹ́ kó lè yé ẹyin ní March nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ṣì funfun, ẹyin mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, abo á sàba lé e, akọ á máa gbé oúnjẹ wá fún un, kó tó di pé ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó sá fún òtútù padà dé, ọmọ tiwọn ti ń fò.

Ibi tó ń dùn mí gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n ń dín kù. Láti àwọn ọdún 1960 làwọn olùwádìí ti ń fi òrùka aláwọ̀ sẹ́sẹ̀ àwọn jay inú Algonquin, Dan Strickland tó jẹ́ ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ní páàkì náà nígbà kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ tẹ̀ lé wọn, tí ọ̀kan bá sì bà nítòsí yín ẹ máa rí òrùka yẹn fúnra yín. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé iye wọn ti dín ju ìlàjì lọ. Algonquin wà létí ìpẹ̀kun gúúsù ibi tí ẹyẹ yìí ń gbé, ìgbà ìwọ́wé ibẹ̀ sì ti ń móoru jù ti tẹ́lẹ̀, oúnjẹ tó kó pamọ́ á wá bàjẹ́ kó tó dìgbà tó máa nílò ẹ̀, bí ẹran inú fíríísà tí wọn ò múná wá. Èèpo spruce máa ń pa oúnjẹ mọ́ ju ti maple, igi tó máa ń wọ́wé, lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn jay tó ń gbé níbi tí spruce ò ti pọ̀ fi kọ́kọ́ tán. Ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ń lọ, tí jay bá bà lé yín lọ́wọ́, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ má gbìyànjú àtidì í mú nítorí fọ́tò.

Ibi tí ẹ máa lọ: ẹ wá Spruce Bog Boardwalk ní kìlómítà 42.5 lórí Highway 60, títì tó gba inú páàkì kọjá, láti géètì ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ti ń ka kìlómítà yẹn. Afárá pákó ló gba inú àbàtà kọjá, gbogbo ẹ̀ ò ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ, ọmọ kékeré lè rìn ín tán. Ibẹ̀ náà lẹ máa rí spruce grouse, ẹyẹ kan tó jọ àparò ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú, akọ ẹ̀ ní ẹran pupa lókè ojú. Kò mọ ìbẹ̀rù rárá. Ìgbà òtútù abẹ́rẹ́ igi, ìyẹn ewé spruce tó ń gúnni lọ́wọ́, ló máa ń jẹ, ó lè jókòó sórí ẹ̀ka lókè orí yín kó máa já a lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì gba abẹ́ ẹ̀ kọjá láìmọ̀, torí ó ti dákẹ́ jù. Ẹ ò ní rí i bí ẹ bá ń rìn. Ẹ dúró lójú kan, kí ẹ jẹ́ kí etí yín ṣiṣẹ́, bó bá ti ń já ewé, ẹ máa gbọ́ pẹ́rẹ́ pẹ́rẹ́.

Àwọn chickadee wà káàkiri ní tiwọn, ẹyẹ tíńtín tó dé fìlà dúdú, igbe ẹ̀ náà lorúkọ ẹ̀. Ẹ bá mi kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan yìí: tó bá rí ewu, ṣe ló máa ń fi kún "dee" tó wà nípàrí igbe ẹ̀, bí ewu bá ṣe pọ̀ tó ni "dee" ṣe máa pọ̀ tó. Tí ẹ bá ti gbọ́ dee-dee-dee-dee tí wọn ò dáwọ́ dúró, ẹ gbójú sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òwìwí kékeré kan ló jókòó síbì kan. Lára àwọn tó máa ń bá wọn rìn nìwọ̀nyí, boreal chickadee tí fìlà tiẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ tóhùn ẹ̀ sì há, àti red-breasted nuthatch tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lára igi lórí lórí, tó sì máa ń fi oje igi kun ẹnu ihò ìtẹ́ ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ gbà, gbà, gbà lórí igi, àkókó ni, èyí tó tóbi jù nínú wọn, pileated, tó tóbi tó kannakánná, orí ẹ̀ pupa fòò, ihò gígùn onígun mẹ́rin tó ń gbẹ́ láti wá èèrà ò ṣe é ṣì mọ̀.

May ń kọ́? Òótọ́ ni pé May ni ẹyẹ pọ̀ jù, àwọn warbler, ẹyẹ kéékèèké, ń padà bọ̀ láti gúúsù lóríṣiríṣi àwọ̀, ṣùgbọ́n láti àárín May títí June fi ń lọ sópin kòkòrò dúdú kékeré tí wọ́n ń pè ní blackfly ń bẹ níbẹ̀, ó ń wọ etí, ó ń wọ irun. Èmi máa ń lọ, mi ò ní ní kẹ́ ẹ kó ọmọ lọ.

Tó bá sì jẹ́ July nìkan ni ìsinmi yín bọ́ sí, ẹ má bínú, ẹ gbájú mọ́ loon, ẹyẹ orí omi kan. Òun ló wà lára owó dọ́là kan Kánádà láti 1987, tí gbogbo wa fi ń pè é ní loonie. Ojú ẹ̀ pupa, ara ẹ̀ ní àmì funfun tóótòòtó. Egungun ẹ̀ wúwo, ìyẹn ló ń jẹ́ kó lè rì lọ sísàlẹ̀ omi wá ẹja, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ti lọ sẹ́yìn jù débi pé kò lè rìn dáadáa lórí ilẹ̀, tó bá fẹ́ fò ó máa ní láti sáré lórí omi pẹ́ kó tó gbéra. July gan-an ló máa ń gbé ọmọ sẹ́yìn lórí omi! Ẹ jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ lọ jókòó létí adágún, ẹ má fi ọkọ̀ lé e. Lóru ó máa ń ké lóhùn gígùn tó ń bani lẹ́rù, mọ́mì kan tó bá wa lọ dìde lóru ọjọ́ náà, wọ́n ń ka Sáàmù, wọn ò sùn mọ́, torí náà tí ìyá àgbà bá ń bá yín lọ ẹ tètè ṣàlàyé fún wọn pé loon ló ń pe ara wọn. Tí bàbá àwọn ọmọ bá sì máa pẹja, ẹ jọ̀ọ́, kó má lo òjé sídìí okùn, loon máa ń gbé e mì, ó sì ń pa á.

Ẹ máa gbọ́ ẹyẹ kékeré kan tó ń jẹ́ white-throated sparrow náà nígbà tílẹ̀ bá ń mọ́, àwọn ará ibí ní "Oh sweet Canada Canada Canada" ló ń kọ, ó sì jọ ọ́ lóòótọ́.

Ẹ ra pámíìtì mọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ bu epo kún táǹkì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń lọ ní ọ̀pọ̀ ibi láàárín igbó yẹn. Láti Toronto, bíi wákàtí mẹ́ta ni. Bó bá jẹ́ ìgbà òtútù lẹ lọ, ẹ ra irin tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, torí pákó Spruce Bog máa ń yọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ yà ní Visitor Centre ní kìlómítà 43, wọ́n máa ń gbé oúnjẹ síta fún ẹyẹ níbẹ̀, evening grosbeak aláwọ̀ yẹ́lò á máa bọ́ síbẹ̀, ẹ̀ẹ́ sì lè máa wò ó láti inú ilé tó móoru. Tí ẹ bá ti mú déètì, ẹ kọ ọ́ síbí, màá sọ ọ̀nà tó dáa jù fún ọjọ́ orí àwọn ọmọ yín.