Erékùṣù Gíríìsì Tí Kò Láriwo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Èmi àtìyàwó mi fẹ́ lọ sí Gíríìsì, àmọ́ a ò fẹ́ ibi térò pọ̀ sí. Ibo ni ká lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o, bàbá wa. Ẹ fi erékùṣù Santorini sílẹ̀, èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dé Athens, ẹ lọ wọkọ̀ ojú omi ní èbúté Piraeus kó gbé yín dé erékùṣù Naxos, ibẹ̀ lẹ ti máa wọ ọkọ̀ kékeré tó ń lọ sí Iraklia, Schinoussa, Koufonisia àti Donousa, erékùṣù kéékèèké ni gbogbo wọn, ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn wọ́n. Iraklia ló wù mí jù! Ọ̀nà ẹsẹ̀ olókùúta kan wà níbẹ̀ tó lọ sí ihò àpáta Jòhánù Mímọ́, ẹnu ihò yẹn kéré débi pé ẹ máa rákò wọlé ni, àmọ́ inú ẹ̀ gbòòrò gan-an, torí náà ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti omi dání, kẹ́ ẹ sì wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sálúbàtà.

Oṣù karùn-ún tàbí ìkẹsàn-án ló dáa, torí afẹ́fẹ́ meltemi máa ń jà gan-an lóṣù keje àti ìkẹjọ, ó lè dá ọkọ̀ dúró. Físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lẹ máa gbà, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o.